Piriton, Oorun àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ní Ìkòtún, ẹni tó ń wá kẹ́míìsì kò ní rìn jìnnà. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n wà nídìí ibùdókọ̀, wọ́n wà nínú àdúgbò tí kò tíì rí ọ̀dà títì, láti ibẹ̀ dé Ìdímù, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó. Ìdúmọ̀tà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rajà, ọjà wọn kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀ síra: paracetamol, oògùn ibà, oògùn aràn, àti hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tí gbogbo ìyá ọmọ mọ̀ sí Piriton. Ọ̀fìnkìn dé, Piriton. Ara ọmọ sú, Piriton. Kòkòrò ta bàbá, Piriton. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé nítorí oorun nìkan ni wọ́n ṣe ń rà á.

Chlorphenamine ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ oògùn fún un. Ọdún 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú aláìsàn. Ìdílé ńlá ló ti wá. Láti inú ìdílé yẹn ni oògùn kan tí wọ́n fi ń mú ara alárùn ọpọlọ rọlẹ̀ ti jáde, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀kan nínú oògùn méjì tó kọ́kọ́ wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti wá, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti wọra débi tó ti di àìsàn. Ohun tí ń jẹ́ hísítamíìnì ló so gbogbo wọn pọ̀.

Àwọn tó dàgbà ní Èkó kí ọ̀rúndún tuntun tó wọlé kò ní gbàgbé Nivaquine, ìyẹn chloroquine. Ibà ló ń wò, ó sì ń wò ó dáadáa nígbà náà, àmọ́ ara yíyún rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ rí i. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, àyà àti ẹ̀yìn á máa yún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọwọ́ kò bá tó ẹ̀yìn, èèyàn á fa ìyarun yọ. Ilẹ̀ á mọ́ bá a lójúfò. Òyìnbó tó lo oògùn kan náà kì í sábà rí irú ìyà yìí. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù, àwọn onímọ̀ oògùn ọmọ Nàìjíríà, irú Olatunde, sì wà lára àwọn tó kọ̀wé lé e lórí fún gbogbo ayé. Nínú ilé, ọgbọ́n kan ni gbogbo wa mọ̀: bí o bá gbé Nivaquine mì, fi Piriton tẹ̀lé e. Ọgbọ́n yìí wà títí di ọdún 2005, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ chloroquine kúrò nípò oògùn ibà àkọ́kọ́, tí wọ́n fi oògùn alápòpọ̀ artemisinin rọ́pò rẹ̀. Kódà, ní 1997, Akíntúndé Sowunmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí wọ́n bá fi chlorphenamine kún chloroquine fún àwọn ọmọdé, oògùn ibà náà ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lóun nìkan lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé Piriton pa ara yíyún náà lóòótọ́? Ní 2009, Xinzhong Dong àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìyúnra chloroquine kò gba ọ̀dọ̀ hísítamíìnì kọjá. Ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbà dé ara iṣan tó ń gbé ìyúnra lọ sí ọpọlọ. Ìyẹn ni pé fún ọ̀pọ̀ nínú wa, iṣẹ́ tí Piriton ṣe lóru ọjọ́ Nivaquine kò ju pé ó mú wa sùn lọ. A jí, ara ti rọlẹ̀, a ní Piriton ló wò ó.

Irú ìṣìrò bẹ́ẹ̀ náà ló wáyé nídìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn tó ṣe é sì kàwé ju ìyá ọmọ Ìkòtún lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1910 ni Henry Dale àti Patrick Laidlaw kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí hísítamíìnì ń ṣe nínú ara. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Bí kòkòrò bá ta èèyàn, tàbí tí oúnjẹ kan kò bá a lára mu, ara á tú u jáde, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì máa yún. Síbẹ̀ hísítamíìnì kò lè rí nǹkan kan ṣe fún sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí fún un. Receptor ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹnu ọ̀nà yìí. Mẹ́rin ni wọ́n ti kà títí di òní: H1, tó wà nídìí ara yíyún, tí kì í sì í jẹ́ kí ọpọlọ sùn, H2, tó ń darí omi kíkan inú ikùn, H3, tí Arrang àti Schwartz kéde rẹ̀ ní Paris ní 1983, àti H4, tó jáde síta ní 2000.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọn yóò fi dí i. Daniel Bovet àti Anne-Marie Staub rí àkọ́kọ́ ní Institut Pasteur ní Paris ní 1937, àmọ́ májèlé rẹ̀ pọ̀ jù fún ènìyàn. Ìgbà tó fi máa di 1957 tí Bovet gba ẹ̀bùn Nobel, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lọ jàra. Paul Charpentier, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Rhône-Poulenc ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣe promethazine, tí a mọ̀ sí Phenergan.

Rhône-Poulenc ní ọmọ iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn May & Baker, tó ń bá a ta oògùn rẹ̀ níbi tí àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì bá ti ń fẹ́. May & Baker ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1944. Phenergan, tiwọn ni. Nivaquine, tiwọn náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lè sọ pé inú àpótí kan náà ni ara yíyún àti oorun ti bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó.

Dókítà iṣẹ́ abẹ kan nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé, Henri Laborit, ló kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìwé. Ó ń fi promethazine kún oògùn tó ń fún aláìsàn kí wọ́n tó la wọ́n. Ó rí i pé wọn kì í bẹ̀rù ọ̀bẹ mọ́. Wọ́n wà lójúfò, wọ́n ń dáhùn ọ̀rọ̀, àmọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Ó ní kí Rhône-Poulenc wá èyí tó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá 1950 Charpentier ṣe chlorpromazine, nígbà tó sì di 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker ti ń lò ó fún alárùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris. Largactil ni orúkọ rẹ̀ lọ́jà. Ẹbí tó bá ti gbé ènìyàn wọn lọ sí Yaba Left, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, rí yóò ti gbọ́ orúkọ yẹn. Láti 1907 ni Yaba Left ti wà, nígbà tó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn àti àgádágodo ni olórí ìtọ́jú ibẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ní oògùn tiwọn ní gbogbo àsìkò yìí. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń gún, wọ́n á fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ mu, onítọ̀hún á sì sùn lọ fọnfọn. Thomas Adeoye Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní 1954, kò lé irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbà wọ́n mọ́ra, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gbé láàárín èèyàn. Raymond Prince, ọmọ Kánádà tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé lórí asofẹ́yẹjẹ ní 1960. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò náà ni reserpine. Ilé iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel, ní Switzerland, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1952, láti ara igi tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ní Íńdíà. Kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà hísítamíìnì. Síbẹ̀ ibi kan náà ni oníṣègùn Ẹ̀gbá àti Laborit ń lọ: kí ara kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná.

Reserpine yìí tún já sí ibòmíràn. Àwọn òyìnbó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì rí i pé inú àwọn kan tó ń lò ó ń bàjẹ́ títí tí wọ́n fi ń sọ pé ayé sú àwọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ́ pé ó ń fa serotonin àti noradrenaline, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, gbẹ nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni èrò ti wá pé àìtó àwọn nǹkan wọ̀nyí lè jẹ́ orísun ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ní Basel kan náà, ilé iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Geigy ń wo oríire Rhône-Poulenc pẹ̀lú ojú kòkòrò. (Ciba àti Geigy wá di ilé iṣẹ́ kan ní 1970.) Wọ́n ní oògùn kan nínú àká wọn, G22355, láti ara àwọn tí wọ́n ti ń ṣe láti dí hísítamíìnì. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Roland Kuhn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Münsterlingen, pé bóyá yóò ṣe bíi Largactil. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ńṣe làwọn aláìsàn kan tún ń ta kiji. Ẹlòmíràn ì bá dá a padà. Kuhn rò pé ohun tó ń ta ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ jí lè gbé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú dìde. Ní oṣù Kìíní 1956 ó fún obìnrin kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú balẹ̀, ojú obìnrin náà sì là láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1957 ló sọ ọ́ fún àpérò àgbáyé ní Zurich, níwájú bíi èèyàn 12. Imipramine ni wọ́n pè é. Amitriptyline tẹ̀lé e ní 1961.

Ìwé àwọn òyìnbó ìgbà yẹn sọ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò kàn wá. J. C. Carothers ti kọ ọ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1953 pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Áfíríkà. Lambo kò gbà. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell wọ inú Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń bi èèyàn ní ìbéèrè nínú ilé wọn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n bá lára Yorùbá kò kéré sí èyí tí wọ́n ti bá ní agbègbè Stirling ní Kánádà. Ohun tó fi pa mọ́ fún Carothers àti àwọn bíi tirẹ̀ ni pé ẹni tó wá sọ́dọ̀ dókítà níbí kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbànújẹ́. Yóò ní orí ń gbóná. Yóò ní nǹkan ń rìn lórí òun, àyà òun ń já. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn: n kò rí oorun sùn.

Oorun yìí ni amitriptyline mọ̀ ọ́n fúnni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú àkójọ oògùn kò-ṣeé-mánìí wọn àkọ́kọ́ ní 1977, owó rẹ̀ kò ga, ó sì di ohun tí dókítà Nàìjíríà ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ń dí ẹnu ọ̀nà H1 pa gan-an, débi pé lóru àkọ́kọ́ gan-an ni ojú aláìsàn á ti kún. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì kò tíì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló ń gbà kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Àárín àlàfo yìí ni nǹkan ti máa ń dàrú. Ẹnì kan á sùn ní alẹ́ mẹ́ta, á ní òun ti gbádùn, á ju oògùn nù. Ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà ní agogo márùn-ún ìdájí á rí i pé òun ń tòògbé dé ibi iṣẹ́, òun náà á jù ú nù. Ẹnu ọ̀nà H1 kan náà tó pa tún ń mú kí oúnjẹ wu èèyàn jẹ, ara á sì máa tóbi. Àwọn tó ń mu Apetamin kí ìdí wọn lè yọ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: cyproheptadine ló wà nínú rẹ̀, òun náà ń dí H1.

Ojú àwọn onímọ̀ kò kúrò lára hísítamíìnì. Ní 1977, Jack Peter Green àti Saul Maayani kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bí imipramine àti amitriptyline ń dí ẹnu ọ̀nà H2 nínú ọpọlọ. Elliott Richelson ní Mayo Clinic fi hàn pé agbára wọn lórí H1 kò kéré, pé doxepin ló tún gbóná jù níbẹ̀. Èrò náà dùn: oògùn tó dí hísítamíìnì ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì, a jẹ́ pé dídí hísítamíìnì ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò dúró. Cimetidine, tó jáde láti ọwọ́ James Black fún ọgbẹ́ inú, dí H2 dáadáa, kò sì di oògùn ìbànújẹ́. Phenergan dí H1 láti àárọ̀ ọjọ́, oorun ló ń fúnni. Nígbà tí fluoxetine, tí Prozac jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jà, sì gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 1987, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan hísítamíìnì, ó sì ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì. Doxepin wá fi èdìdì dì í ní 2010: mìlígíráàmù 3 tàbí 6 péré, tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun. Bí wọ́n ṣe ya oorun kúrò lára ìwòsàn nìyẹn.

Èyí tó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí, lójú tèmi, ni ti Arvid Carlsson ní Gothenburg ní Sweden. Ní 1969, òun àti Margit Lindqvist rí i pé chlorphenamine àti brompheniramine ń ṣe iṣẹ́ kejì tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn: wọn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tètè fa serotonin padà. Chlorphenamine, Piriton wa yìí náà. Carlsson mú brompheniramine, ó bá àwọn ará ilé iṣẹ́ Astra tún un ṣe, zimelidine sì jáde, àkọ́bí irú oògùn tó tẹjú mọ́ serotonin nìkan. Ó dé ọjà ní Sweden ní 1982. Ní 1983 wọ́n kó o kúrò, nítorí àìsàn tó ń rọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lára àwọn kan tó lò ó. Fluoxetine, tí àwọn Bryan Molloy, Klaus Schmiegel, David Wong àti Ray Fuller ṣe ní ilé iṣẹ́ Lilly, tọ diphenhydramine wá, èyí tí George Rieveschl ṣe ní Cincinnati ní 1943. Inú oògùn ikọ́ Benylin ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti mọ diphenhydramine. Ẹ̀gbọ́n ni oògùn ikọ́ jẹ́ fún Prozac, ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ wọn ló yàtọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí gbé Piriton mì fún ìrẹ̀wẹ̀sì o. Kò di oògùn rẹ̀ níbì kankan, oorun tó ń fúnni sì máa ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ lójú ẹbí.

Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 èèyàn ní Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ka 2,047,026. Èyí tó wù kó jẹ́, ìlú ńlá ni tí kò ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀. Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Alímòṣọ́ wà ní Ìgàndó; ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju tibẹ̀ lọ á forí lé Ìkẹjà tàbí Yábàá. Kó tó débẹ̀, ó ti ya ilé àdúrà, ó ti ra àgbo, ó ti dé kẹ́míìsì. Ìwádìí tí Oyè Gureje àti àwọn ará Ìbàdàn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí rí i pé ìpín 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti kọlù rí láyé wọn. Òfin tó ń darí ìtọ́jú wọn nígbà náà ṣì ni òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916. Oṣù Kìíní 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò rẹ̀.

Hísítamíìnì náà kò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ Jàpáàn fi ẹ̀rọ PET wo inú ọpọlọ, wọ́n sì rí i pé ẹnu ọ̀nà H1 tó ń dáhùn lára àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì kéré sí ti àwọn tí ara wọn le. Ní 2021, àwọn tó ń bá Parastoo Hashemi ṣiṣẹ́ ní South Carolina àti ní London mú ara eku gbóná pẹ̀lú ohun tó ń fa ìwúlé. Hísítamíìnì gòkè nínú ọpọlọ eku náà, serotonin sì wálẹ̀. Wọ́n fún un ní escitalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tó wọ́pọ̀. Kò gbé serotonin náà dìde bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí ara ṣe hísítamíìnì kún un. H3 ni wọ́n fura sí, ẹnu ọ̀nà tí amitriptyline àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn.